Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin: Ìbéèrè Kan Tí Ó Mi Ayé Lẹ́ẹ̀mejì

Nínú ìwé ìtàn tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ó jẹ́ àṣà láti pín iṣẹ́ ọmọ ènìyàn sí yàrá-yàrá. Yàrá kan wà fún àwọn ọba àti ogun wọn. Òmíràn wà fún àwọn tí ó wádìí ìràwọ̀ àti omi àti iná. Òmíràn sì wà, kékeré ni, ní ẹ̀yìnkùlé, fún àwọn olórin. Ọmọ tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ tán a máa rò pé orin jẹ́ ohun tí a fi ń sinmi lẹ́yìn iṣẹ́, gẹ́gẹ́ bí a ti ń jẹ obì lẹ́yìn oúnjẹ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ète wa nínú àròkọ yìí ni láti fi hàn pé ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìbéèrè kan náà nípa orin ti ṣí ilẹ̀kùn fún àyípadà ńlá nínú ìmọ̀ àti nínú ìṣèlú: lẹ́ẹ̀kan ní ìlú Florence ní ilẹ̀ Ítálì, ní ohun tí ó lé ní 400 ọdún sẹ́yìn, àti lẹ́ẹ̀kan sí i ní ilẹ̀ Yorùbá wa yìí, láti ìgbà àwọn baba ńlá wa nínú ìgbàgbọ́ títí dé orí àwọn àgbẹ̀ tí ó yí Ìbàdàn ká.

Ìbéèrè náà rọrùn láti bi. Nígbà tí a bá ń kọrin, ta ni ọ̀gá, ta sì ni ìránṣẹ́? Ṣé orin ni yóò tẹ̀lé ọ̀rọ̀, tàbí ọ̀rọ̀ ni yóò máa wọ́ tẹ̀lé orin?

OLÓRIN FLORENCE ÀTI ỌMỌ RẸ̀

Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Vincenzo Galilei. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ta lúùtù, ohun èlò olókùn kan tí ó fara jọ gìtá. Òun pẹ̀lú àwọn ọ̀mọ̀wé díẹ̀ a máa pàdé ní ilé ìjòyè kan, Giovanni de' Bardi, láti jíròrò lórí orin. Ohun tí ó ń dùn wọ́n ni pé orin ìgbà wọn ti di igbó kìjikìji. Ohùn mẹ́rin, márùn-ún, tàbí mẹ́fà a máa lọ́ mọ́ ara wọn lẹ́ẹ̀kan náà, tó bẹ́ẹ̀ tí olùgbọ́ kò fi mọ ohun tí a ń wí mọ́. Ní ọdún 1581 Vincenzo tẹ ìwé kan jáde, ó sì wí nínú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó jẹ́ olórí, kí orin sì máa sìn ín. Láti inú irú ìjíròrò yìí ni eré olórin tí a ń pè ní ọ́pẹ́rà ti hù jáde. Ní 1607 Monteverdi gbé Orfeo tirẹ̀ kalẹ̀, a sì ń ṣe é títí di òní.

Ṣùgbọ́n Vincenzo kò dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá bá àwọn àgbà jiyàn lórí òfin kò lè ṣe aláìbéèrè ibi tí àwọn àgbà ti rí òfin náà. Gbogbo ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ni ó gba ìtàn kan gbọ́ nípa Pythagoras, ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì. Wọ́n ní ó ń kọjá lọ lẹ́bàá ilé àgbẹ̀dẹ, ó sì gbọ́ bí òòlù ti ń dún. Ó wọn òòlù wọ̀nyí, ó sì rí i pé bí ọ̀kan bá wúwo tó ìlọ́po méjì èkejì, ìyàtọ̀ tí ó wà láàrín doh ìsàlẹ̀ àti doh òkè ni yóò wà láàrín ohùn àwọn méjèèjì. Wọ́n tún ní ó so irú ìwúwo bẹ́ẹ̀ mọ́ okùn, ohun kan náà ni ó sì gbọ́. Ìtàn náà dùn, ìṣirò rẹ̀ sì gún régé. Fún ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún ni a ń dà á kọ láti inú ìwé kan dé inú ìwé kejì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òótọ́.

Vincenzo mú okùn, ó so ìwúwo mọ́ ọn, ó ta á, ó sì fetí sí i. Ó rí i pé bí a bá fẹ́ mú ohùn okùn kan láti doh ìsàlẹ̀ dé doh òkè nípa gígé e kúrú, a ó gé e sí ìdajì. Èyí bá ọ̀rọ̀ àwọn àgbà mu. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé nípa fífà á le ni, ìwúwo ìlọ́po méjì kò tó rárá. Ìlọ́po mẹ́rin ni ó gbà. Ohun tí gbogbo ìwé wí ṣubú lulẹ̀, kì í sì í ṣe ọba tàbí ọmọ ogun ni ó bì í ṣubú, bí kò ṣe etí kan àti okùn kan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti wí; Vincenzo kò sì pe Pythagoras ní wèrè. Ó kàn dán ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò ni.

Àkọ́bí ọkùnrin yìí ni Galileo, tí a bí ní ọdún 1564. Òun pẹ̀lú mọ lúùtù ta. Ní nǹkan bí 1588, nígbà tí baba ń ṣe ìdánwò wọ̀nyí, ọmọ ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe kí ó ti bá baba rẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Bí ó tilẹ̀ rí, ọ̀nà baba ni ọmọ tọ̀. Kò gba ohun tí Aristotle wí nípa bí nǹkan ti ń já bọ́ láìjẹ́ pé ó yí bọ́ọ̀lù sílẹ̀ lórí pákó tí ó dagun, kí ó sì wọn àkókò rẹ̀. Ní ọdún 1610 ó fi awò rí òṣùpá mẹ́rin tí ń yí Júpítà ká. Ní 1632 ó kọ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìrìn ayé àti oòrùn, kì í sì í ṣe ní èdè Látìnì àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó fi kọ ọ́, bí kò ṣe ní èdè tí àwọn ará ọjà Florence ń sọ. Ní ọdún 1633 ilé-ẹjọ́ Ìjọ ní Róòmù dá a lẹ́bi, wọ́n sì sé e mọ́ ilé títí ó fi kú ní 1642. Síbẹ̀, nínú ìwé rẹ̀ ìkẹyìn, ní 1638, ó tún padà sórí ọ̀rọ̀ okùn àti ohùn tí baba rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó di ọdún 1992 kí Póòpù John Paul Kejì tó jẹ́wọ́ ní gbangba pé àwọn tí ó dá Galileo lẹ́jọ́ ṣì í ṣe. Àwa tí a jẹ́ òṣìṣẹ́ Ìjọ kò gbọdọ̀ ka apá yìí nínú ìtàn kíákíá kọjá.

OHUN TÍ ABÍYÁ ONÍLÙ MỌ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni ọ̀rọ̀ okùn àti ìwúwo yìí. Onílù dùndún tí ó bá kọjá ní ọjà Mọníyà tàbí ní Lálúpọn ń ṣe ìdánwò Vincenzo lójoojúmọ́. Ó fi ìlù há abíyá, ó sì fi kọ̀ǹgọ́ lù ú. Bí ó bá fi apá fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi so ojú ìlù méjèèjì pọ̀, ojú ìlù á le, ohùn á sì gòkè. Bí ó bá dẹ apá, ohùn á sọ̀ kalẹ̀. Ó mọ iye agbára tí yóò gbé e láti ohùn ìsàlẹ̀ dé ti àárín, àti láti ti àárín dé òkè, láìjẹ́ pé ó kọ ìṣirò kan sílẹ̀. Ìdí tí ó sì fi gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n dájú ni pé ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ. Bí ó bá ṣi apá fún, ó ti yí oríkì ènìyàn padà di èébú nìyẹn.

Kí olùkọ́ sì mú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lọ sí ilé àgbẹ̀dẹ, kí ó yá òòlù méjì tí ọ̀kan wúwo ju èkejì lọ, kí wọ́n sì lù wọ́n. Ní ìṣẹ́jú kan ọmọ ọdún mẹ́wàá yóò ti rí i pé ìtàn tí àwọn ọ̀mọ̀wé gbà gbọ́ fún ọjọ́ pípẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà kì í ṣe òòlù. Ẹni tí yóò fetí sí i ni kò sí.

Ọ̀RUN ÀTI ỌRÙN

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ilé. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú tí a sì gbà sílẹ̀ ní 1822, tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1844 ó bẹ̀rẹ̀ ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Ní 1852 ìwé gírámà rẹ̀ tẹ̀lé e, nínú èyí tí àmì ohùn ti wà lórí ọ̀rọ̀, nítorí ó ti mọ̀ pé lẹ́tà nìkan kò tó láti gbé èdè wa. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1875 àwọn àgbà Ìjọ pàdé ní Èkó láti fohùn ṣọ̀kan lórí bí a ó ti máa kọ èdè náà, nígbà tí ó sì di ọdún 1884 odidi Bíbélì ti wà ní Yorùbá. Iṣẹ́ yìí jẹ́ àyípadà nínú ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí ti Galileo ti jẹ́. Ẹni tí ó kọ ọ́ fetí sí bí àwọn ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀ ní tòótọ́, kò sì fi agbára mú èdè náà wọ aṣọ èdè mìíràn.

Ó yani lẹ́nu, nígbà náà, pé àwọn tí ó fi irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ kọ ohùn sórí ìwé kò fi irú rẹ̀ lò ó nínú orin. David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn ní 1853. Láti ibẹ̀ àti láti àwọn ibùdó tí ó tẹ̀lé e ni Ìjọ ti tàn dé àwọn ìletò oko, ní ìhà Akínyẹlé, ní ìhà Ẹgbẹ́dá, títí dé Akànràn. Orin Ìyìn sì bá ìwàásù rìn. A túmọ̀ ọ̀rọ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì, a ka ìró rẹ̀ kí ó lè bá ti orin Gẹ̀ẹ́sì dọ́gba, a sì fi ohùn orin sílẹ̀ bí ó ti wà láti òkè òkun. Fún Gẹ̀ẹ́sì èyí kò ṣe nǹkan kan, nítorí pé bí ohùn bá gòkè tàbí bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà bí ó ti wà. Fún wa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀run ni ibùgbé Ọlọ́run. Ọrùn ni ohun tí ó gbé orí wa dúró. Lẹ́tà kan náà ni wọ́n. Ohùn ni ó yà wọ́n. Ọ̀run ń lọ láti ìsàlẹ̀ sí àárín, ọrùn sì ń lọ láti àárín sí ìsàlẹ̀. Nítorí náà, níbi tí orin bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, gbogbo ìjọ ń fi ọkàn kan kọrin nípa ìjọba ọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá ń di ìyà. Àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín sí i, àwọn ọmọ a sì máa fi ṣe àwàdà lẹ́yìn ìsìn.

Àwa kò rò pé ọ̀ràn ẹ̀rín ni. Ẹ ronú nípa ọmọ àgbẹ̀ kan tí a kò sọ ọ̀rọ̀ kan sí rí láìsí ohùn rẹ̀ tí ó tọ́. Ìyá rẹ̀ pè é pẹ̀lú ohùn, àlọ́ dé etí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn, ìlù bá a sọ̀rọ̀ láìsí lẹ́tà kankan, ó sì gbọ́. Ó wá dé ilé-ẹ̀kọ́ Ìjọ, a sì kọ́ ọ ní orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò jẹ́ ohun tí etí rẹ̀ gbọ́. Láìsí pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀, ọmọ náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ mìíràn: pé níhìn-ín, kò pọn dandan kí ohun tí a ń wí ní ìtumọ̀, kí ó ṣáà ti dún bí ti ọ̀gá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò máa há ìtàn òòlù Pythagoras sórí, kò sì ní bèèrè ibi tí òòlù wà.

ÀWỌN TÍ Ó TÚN ETÍ ÌJỌ ṢE

Àwọn kan kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ní 1891 àwọn ọmọ Ìjọ kan ní Èkó yà kúrò, wọ́n sì dá Ìjọ United Native African sílẹ̀. Ní 1901 àwọn mìíràn jáde láti Breadfruit, wọ́n sì dá Ìjọ African sílẹ̀. Ọ̀ràn àṣẹ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ìyapa wọ̀nyí: ta ni yóò ṣe olórí Ìjọ ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú? Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti bèèrè ẹni tí yóò ṣe olórí kò ní pẹ́ bèèrè orin ta ni a ó máa kọ. Bí ìyapa kan bá ti ń ṣẹlẹ̀ ni orin ìbílẹ̀ ń rí ààyè sí i. Nínú Ìjọ Áńgílíkà pàápàá, ní Abẹ́òkúta, Alùfáà J. J. Ransome-Kuti, tí a bí ní 1855 tí ó sì kú ní 1930, ń ṣe orin ìsìn tí ó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ní 1922 a gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní London.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni T. K. Ekundayo Phillips, ẹni tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity College of Music ní London, tí ó sì jẹ́ atẹ-dùùrù ní Christ Church, Èkó, láti 1914 títí dé 1962. Ọkùnrin yìí mọ orin Bach àti Handel dáadáa. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè wí pé àìmọ̀ ni ó mú un sọ ohun tí ó sọ. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1953 ó fi yé wa pé láti inú ohùn ọ̀rọ̀ àti láti inú ohùn márùn-ún orin àbáláyé wa ni orin ìsìn Yorùbá gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí Vincenzo bá jí dìde tí ó sì gbọ́ Yorùbá, ìbá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dàgbà lẹ́sẹ̀ Phillips ni Fela Sowande, tí a bí ní Ọ̀yọ́ ní 1905. Nígbà tí ó lọ sí London, iṣẹ́ ẹnjiníà ni ó lọ kọ́. Orin ni ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1944 ó kọ African Suite fún àwọn ohun èlò olókùn, nínú èyí tí orin ilẹ̀ wa ti wọ aṣọ orin ńlá ti Yúróòpù láìsọ ara rẹ̀ nù. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní ọdún 1960, ó kọ Folk Symphony láti fi ṣe àjọyọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ó ṣe ìwádìí ní Yunifásítì Ìbàdàn lórí orin àti ìmọ̀ àwọn baba wa, ó sì kú ní Amẹ́ríkà ní 1987.

Láti inú ìjiyàn yìí kan náà ni òṣèlú ti bú jáde. Ọmọ Alùfáà J. J. Ransome-Kuti ni I. O. Ransome-Kuti, aya rẹ̀ sì ni Funmilayo. Ní ọdún 1947 Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, tí ó ṣe olórí rẹ̀, dó sí iwájú ààfin ní tọ̀sán-tòru nítorí owó orí tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin. Orin ni wọ́n fi ń bá ìjọba sọ̀rọ̀, orin tí ìyá aláta àti ìyá aláṣọ lè gbé láìka ìwé. A fagi lé owó orí àwọn obìnrin náà ní 1948, Aláké sì fi orí oyè sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 1949. Nínú àwọn ọmọ Funmilayo, Olikoye di oníṣègùn, ó sì jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 títí dé 1992, ẹni tí ó gbé ìtọ́jú aláìsàn lọ sí ìletò. Fela, tí òun náà kẹ́kọ̀ọ́ ní Trinity bí Phillips, fi orin bá àwọn ológun wí. Àwọn baba wa a máa wí pé ọba kì í pa ọ̀kọrin. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 1977 àwọn ọmọ ogun jó ilé Fela, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ìyá náà kú. Orin, ìmọ̀ ìwòsàn àti ìjà fún ẹ̀tọ́: láti ilé kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáde, orin ìsìn ni ó sì ṣáájú.

ỌKẸ́ MẸ́FÀ

Ìlú ńlá kọ́ ni gbogbo èyí ti ṣẹlẹ̀ mọ. Ní ọdún 1944 a rí àrùn kan lára kòkó ní oko Ìbàdàn, àrùn tí ń mú ẹ̀ka igi wú tí ó sì ń pa á níkẹyìn. Àwọn onímọ̀ tilẹ̀ fi orúkọ ìletò wa pe ẹ̀yà rẹ̀ tí a rí níhìn-ín: ọ̀kan ń jẹ́ Ẹgbẹ́dá, òmíràn ń jẹ́ Ọ̀fà-Igbó. Ní Gold Coast ní 1940 ni A. F. Posnette ti fi hàn pé ohun àìfojúrí kan ni ó ń fà á; lẹ́yìn náà ni a mọ̀ pé àwọn kòkòrò funfun kéékèèké ni ó ń gbé e láti igi dé igi. Ìjọba wá pàṣẹ pé kí a gé igi tí ó ní àrùn, pẹ̀lú àwọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìmọ̀ tí ó wà lẹ́yìn gígé náà kì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ rí igi tí èso ṣì wà lórí rẹ̀, ó sì rí àjèjì pẹ̀lú àdá. Kò sí ẹni tí ó mú un lọ sí ìdí igi láti fi kòkòrò náà hàn án kí ó tó gé e. Bí ọ̀rọ̀ òótọ́ ti ń di ọ̀rọ̀ mìíràn nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ṣì, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ òótọ́ dé etí àgbẹ̀ bí ìfipá-jalè. Ọ̀tẹ̀ sì dé, títí ìjọba fi jáwọ́ nínú gígé ní ibi tí àrùn náà ti gbilẹ̀ jù.

Ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn èyí, ọ̀tẹ̀ tí ó ju ti ìṣáájú lọ bẹ́ sílẹ̀. Owó kòkó kéré, owó orí sì ga. Ní ọjọ́ 26 oṣù kọkànlá ọdún 1968 àwọn àgbẹ̀ wọ́ lọ sí Mápó ní Ìbàdàn. Ẹgbẹ́ wọn ni a mọ̀ sí Àgbẹ́kọ̀yà, Tafa Adeoye ará Akànràn sì di olórí wọn. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹsàn-án ọdún 1969 wọ́n já ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò ní ìhà méjèèjì. Ní oṣù kẹwàá ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lọ bá Adeoye sọ̀rọ̀, a sì sọ owó orí náà di pọ́n-ùn 2.

Ohun tí ó kàn wá níhìn-ín ni orin wọn. Wọn kò ní ìwé ìròyìn, wọn kò sì ní rédíò. Ṣùgbọ́n iye owó tí wọ́n pinnu láti san wà nínú orin, gbogbo abà sì mọ̀ ọ́n. Wọn kò fi pọ́n-ùn tàbí ṣílè kà á. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà ni wọ́n wí. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 owó ẹyọ, èyí tí àwọn baba wa kà sí ṣílè 5 nígbà tí owó òyìnbó dé. Nítorí náà ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ṣílè 30. Owó ẹyọ ti di ohun àtijọ́ ní ọjà, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò tíì kú ní ẹnu. Ẹ sì kíyè sí i: bí akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá bá kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìsí àmì, òkè mẹ́fà ni ẹlòmíràn yóò kà. Àgbẹ̀ ń wí iye tí apá rẹ̀ ká. Ẹni tí kò ní etí yóò rò pé òkè ilẹ̀ ni ó ń kà.

ṢÉ ORIN NI Ó ṢE É?

Ẹnìkan lè takò wá pé kì í ṣe orin ni ó dá ọ̀tẹ̀ sílẹ̀ bí kò ṣe ebi àti owó orí. Àti pé kì í ṣe lúùtù ni ó fi òṣùpá Júpítà han Galileo, awò ni. Òótọ́ ni. Àwa kò wí pé orin ni ìdí gbogbo nǹkan. Ní Brussels, ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1830, àwọn ènìyàn jáde láti ibi ọ́pẹ́rà kan tí ó sọ nípa ọ̀tẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ọ̀tẹ̀ tí ó bí orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí wọn kí aṣọ ìtàgé tó ṣí. Orin kì í dá iná. Ó ń fẹ́ ẹ ni.

Orin sì lè wà ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Beethoven ará Jámánì ti kọ orúkọ Napoleon sórí ìwé orin ńlá kan, nítorí ó rò pé olùdáǹdè ni. Nígbà tí ó gbọ́ ní 1804 pé ọkùnrin náà fi ara rẹ̀ jẹ ọba ńlá, ó fi ìbínú pa orúkọ náà rẹ́. Kò sì tọ́ kí a sọ pé orin òkè òkun ni ọ̀tá. Phillips àti Sowande jókòó sídìí dùùrù òyìnbó kí wọ́n tó mọ ohun tí ó sọnù nínú tiwa. Nígbà tí William Herschel rí Uranus ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 1781, iṣẹ́ orin ni ó ń jẹ, òun ni atẹ-dùùrù ilé ìsìn kan ní Bath. Ẹni tí ó ti kọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀ kékeré nínú ohùn ni ó kọ́ láti rí ìyàtọ̀ kékeré nínú ìràwọ̀.

Ohun tí a ń wí nìyí. Ẹni tí a bá kọ́ láti gba etí ara rẹ̀ gbọ́ nínú orin yóò gbà á gbọ́ níbi mìíràn pẹ̀lú. Yóò gbọ́ nígbà tí ìwé bá parọ́, yóò sì gbọ́ nígbà tí àṣẹ kò bá òdodo mu. Ẹni tí a bá sì kọ́ láti ti etí rẹ̀ pa nínú ilé Ọlọ́run, a ti ṣe é ní ibi kan tí Ọlọ́run kò rán wa.

Ní òde òní ìlù wà nínú ọ̀pọ̀ ilé ìsìn wa, orin ìbílẹ̀ sì pọ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ kù fún ẹ̀yin olùkọ́ ìletò. Kí ẹ tó kọ́ àwọn ọmọ ní orin Ìyìn kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sókè bí ẹni ń sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi àmì sí ibi tí orin bá ti yí ọ̀rọ̀ padà. Níbi tí ó bá ti bàjẹ́ jù, ẹ wá orin mìíràn fún ọ̀rọ̀ náà. Ẹ so okùn mọ́ àga, ẹ fi òkúta kọ́ ọ, ẹ sì jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ta á kí ó sì wí ohun tí ó gbọ́. Ẹ rán àwọn àgbà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ bá àwọn bàbá tí ó kù ní Akànràn àti ní Ẹgbẹ́dá, àwọn tí ó kọ orin ọ̀kẹ́ mẹ́fà nígbà èwe wọn, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀ kí ilẹ̀ tó gbà á lọ́wọ́ wa.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bí ó bá bọ́, fífọ́ ni í fọ́. Orin ni ọwọ́ tí a fi gbé e. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ wa láti gbé e bí ẹni tí ó mọ̀ pé ẹyin ni.